Àtẹ́lẹwọ́ Tí Mo Fi Darí Amos

Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi ló dẹ́ṣẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó mọ orúkọ mi, nítorí pé àwọn tó bá ti mọ orúkọ mi tẹ́lẹ̀ lè fẹ́ gbè mí. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbè mí lónìí.

Lucien Guillory ni mò ń jẹ́. Bí ẹ bá gbé ní Toledo lásìkò tí mò ń wí yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní jésì mi nílé. Èmi ni mo máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún ẹgbẹ́ ìlú náà. Bọ́ọ̀lù tiwa kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí; àyà la máa ń gbá a mọ́, a ó sì máa sá lọ láàárín àwọn ọkùnrin tó fẹ́ wó wa mọ́lẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀. Irọ́ ni. Ó ń kan ilẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ tí Amos Pettway ti gbá mọ́ dè mí ló ń kàn.

Amos ni olùlànà mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ṣáájú mi, kó wá ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ mi, kó sì forí sọ ọ́. Èmi á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Gbogbo pápá á máa pe orúkọ mi. Amos á dìde, á tutọ́ koríko dànù, á tún padà wá ṣe é.

Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Abúlé kan létí odò ní Alabama ló ti wá. Ọmọ Louisiana ni èmi. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, Renita, ni mò ń pè ní Ìyá Corinne. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Toledo tí òtútù fẹ́ pa mí, ìdí sítóòfù obìnrin yẹn ni mo jókòó sí, àwo rẹ̀ ni mo fi jẹun, títí òtútù fi mọ́ mi lára.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ àwọn tí mo ṣẹ̀.

Ọdún kẹrin tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Ẹgbẹ̀rún méjì yáàdì ni mò ń lé. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí fún Toledo láàárín sáà kan ṣoṣo. Gbogbo ìlú ló ń bá mi kà á. Bàbá tó ń gẹ irun mi ń kà á. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kà á lórí pẹpẹ kó tó ka Bíbélì.

A lọ bá ẹgbẹ́ Omaha nílé wọn. Amos forí sọ ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ nípọn bí ìtì igi. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ìró akoto sí akoto kì í ṣe nǹkan tuntun létí mi, ṣùgbọ́n eléyìí dún bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ti ilẹ̀kùn nínú ilé tó ṣófo.

Amos dìde. Ó gbọnra. Ó wá rọra rìn lọ, ó lọ forí korí pẹ̀lú àwọn ará Omaha níbi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Stosh Wozniak, ọkùnrin gìrìwò kan tó máa ń dúró ní ìlà iwájú wa, nahùn sí i:

"Amos, wọ́n ti rà ẹ́ ni? Ó kéré tán, ò bá dágbére fún wa."

"Ẹ má bínú o," ni Amos wí fún àwọn ará Omaha, bí ẹni tó ṣèèṣì wọlé onílé, ó sì padà wá bá wa.

A forí korí. Wọ́n sọ ohun tí a fẹ́ ṣe: apá òsì la máa gbà. Bí a ṣe ń tú ká, Amos fà mí lápá.

"Àbúrò, ibo là ń lọ?"

"Òsì."

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá wo ojú rẹ̀ láàárín irin akoto. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣàwàdà. Ojú ẹni tó wọ yàrá kan tí kò rántí ohun tó wá mú níbẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n na ọwọ́ mi sókè kí n pe dókítà. Ẹ kíyè sí ọwọ́ náà. Dípò kí n nà án sókè, mo fi gbá Amos ní ìbàdí òsì, pẹ́ẹ́.

Amos lọ sí òsì bí ẹṣin tí wọ́n fa ìjánu rẹ̀. Ó la ọ̀nà. Mo gba ibẹ̀ kọjá, àwọn èèyàn sì dìde lórí ìjókòó wọn.

Nígbà tí a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti sinmi, Dókítà Haskell wá bá Amos lórí bẹ́ǹṣì. Mo sáré lọ jókòó tì í.

"Amos, ìlú wo la wà yìí?"

"Dókítà, ẹ béèrè èyí tó le," ni mo wí. "Ta ni kò ní mọ Omaha? Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn màlúù ni?"

"Lucien, ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Omaha ni, sà," ni Amos wí.

"Ta la bá gbá lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Àwọn tó fọ́ imú Stosh," èmi náà ni. "Stosh, gbé imú ẹ wá, dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti padà sáyè ẹ̀."

Stosh gbé imú rẹ̀ wá lóòótọ́. Ó gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti dókítà. "Ẹ wò ó dáadáa, sà. Ìyàwó mi ní ó ti wá rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, dókítà pẹ̀lú. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi iná kékeré tó fẹ́ fi wo ojú Amos sápò.

"Ó dáa. Mu omi dáadáa," ló wí, ó sì lọ.

Amos di orúnkún mi mú.

"O ṣeun, àbúrò."

Ọpẹ́ yẹn ló ṣì máa ń jí mi lójú oorun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí a wo fíìmù ìdíje náà tán, Kóòṣì Brandt ní kí n dúró kí àwọn yòókù jáde.

"Amos ńkọ́?" ló wí. "Mo rí i tó yà bàrá lẹ́ẹ̀kan. Mo lè fún un ní ìsinmi, kí Skelton ṣíwájú rẹ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀."

Skelton lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń dijú kó tó kan èèyàn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé olùlànà tó ń dijú, ilẹ̀ ni yóò máa jẹ. Bí Skelton bá ṣíwájú mi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì ti di àlá.

"Ara Amos le, sà," ni mo wí. "Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ kàn máa dójú tì í ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, Amos ń dúró dè mí. Ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi.

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní ṣé kí Skelton ṣíwájú mi."

"Kí lo wá wí?"

"Mo ní Skelton ń dijú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lucien, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyí. Bí wọ́n bá rán mi lọ sílé, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Ẹja ni mo fẹ́ lọ máa pa?"

"Kò sẹ́ni tó máa rán yín lọ síbì kankan."

"Ọwọ́ tó o fi gbá mi yẹn," ló wí, "ó dáa o. Ó yé mi ju ẹnu lọ."

Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn, lójú ọ̀sán gangan, bí àwọn ọmọdé tó fẹ́ ṣeré. Bí mo bá gbá a ní ìbàdí òsì, òsì ni. Bí mo bá gbá a ní ìbàdí ọ̀tún, ọ̀tún ni. Bí mo bá gbá a láàárín ẹ̀yìn, kó máa lọ tààrà.

"Ṣé ó tán?" ni Amos bi mí.

"Ó tán. Ó ti tó."

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ mi yẹn.

Láti ọjọ́ náà, kí a tó tò sójú ìlà, n ó gba ẹ̀yìn Amos kọjá, n ó sì gbá a. Ó máa ń yá bí ọfà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n rí i, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wo ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn méjì yìí. Kò lè ṣe kó má fọwọ́ kan olùlànà rẹ̀ kó tó sáré." Àwọn ọmọléèwé ní Toledo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn ní ìbàdí kí wọ́n tó ṣeré. Wọ́n ya àwòrán wa sára ògiri pápá ìṣeré: Amos bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ mi wà lára rẹ̀.

Gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ìyá Corinne pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Lucien, mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ. Má fi ṣeré o."

"Mò ń gbọ́ yín."

"Amos lọ ra mílíìkì lánàá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà wá, kò sí mílíìkì, kò sí ọkọ̀. Ó ní wọ́n ti jí ọkọ̀ náà. Mo débẹ̀, ọkọ̀ wà níbi tó gbé e sí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ó rẹ̀ wọ́n ni. Sáà yìí gùn. Èmi náà fi bàtà mi sínú fíríìjì lọ́jọ́sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wá ohun tí yóò mú un rẹ́rìn-ín láti àná. "Bàtà, Lucien? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin?"

"Lórí ẹyin gan-an."

"O mọ̀ pé ìwọ ni ojú mi lọ́hùn-ún. Wọn kì í jẹ́ kí àwa ìyàwó dé ibi tẹ́ ẹ wà. Tó o bá rí nǹkan lára ẹ̀, wàá sọ fún mi."

"Ṣé ó yẹ kẹ́ ẹ tún máa béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi?"

Mi ò fi bàtà kankan sínú fíríìjì rí.

Ọjọ́ ìdíje tó kẹ́yìn dé. Àwọn ará Louisville ló wá bá wa. Yìnyín ti ń bọ́ láti òwúrọ̀, ohun tó sì kù fún mi kò tó ọgọ́ta yáàdì. Nínú yàrá ìmúra, Amos jókòó síwájú kọ́ńbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó gbé akoto lé itan. Àwọn yòókù ti ń jáde lọ.

"Àbúrò, jókòó," ló wí. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n dúró?"

"Kẹ́ ẹ dúró ṣe kí ni?"

"Kí n dúró. Kí n má ṣe é mọ́." Ó ń fi àtàǹpàkò nu akoto náà níbi tí kò ti dọ̀tí. "Orúkọ ọmọ mi sọnù lẹ́nu mi láàárọ̀ yìí. Mo wo ojú ẹ̀ títí. Mo wá ní, 'Ìwọ, wá jẹun.' Ó wá jẹun. Kò mọ̀ pé n kò mọ orúkọ òun."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tún okùn bàtà mi so.

"Mi ò lè bi Renita, á bú sẹ́kún. Mi ò lè bi dókítà, á lé mi. Ìwọ lò ń rí mi. Tó o bá ní kí n dúró, màá dúró. Tìẹ ni màá gbà gbọ́."

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn lókè orí wa. Orúkọ mi ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ kan ni. Ó wà lẹ́nu mi. Mo fi ahọ́n tì í sẹ́yìn bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

"Ọjọ́ kan péré ló kù, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Òní nìkan. Lẹ́yìn òní, ẹ máa sinmi títí ayé."

Ó wò mí. Ó mi orí.

"Ó dáa," ló wí. "Bá mi di akoto."

Mo bá a dì í. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so okùn rẹ̀ nísàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀.

Ìdíje náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ó tó ku yáàdì mẹ́ta. A forí korí. Àárín la máa gbà. Stosh ní, "Lucien, bó o bá ṣubú níbí, n kò ní jẹ́ kó o dìde mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Amos kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa.

Mo gbá a láàárín ẹ̀yìn. Pẹ́ẹ́.

Ó lọ. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí agbára yẹn. Ó gbá ẹnì kan, ó gbá ẹnì kejì, ọ̀nà là bí aṣọ tó ya. Mo tẹ̀ lé e. Mo kọjá yáàdì mẹ́ta, mo kọjá mẹ́wàá, kí wọ́n tó wó mi.

Fèrè dún. Pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Stosh gbé mi lé èjìká. Láti orí èjìká rẹ̀ ni mo ti rí Amos.

Ó ṣì ń sáré.

Bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ rẹfirí, gbogbo ènìyàn ti dúró, Amos ń sá lọ tààrà nínú yìnyín. Ó la àárín àwọn tó ń fọn fèrè orin kọjá. Ó dé ìdí ògiri tí wọ́n fi tìmùtìmù bò ní òpin pápá, ó forí tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń ta yìnyín sẹ́yìn, ó ń ta á, ó ń ta á. Ògiri kò kúrò. Amos náà kò dúró.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Mo na ọwọ́ mi sókè nígbà náà. Mo nà án sókè, mo sì jù ú sí àwọn èrò.

Ní ìdí iṣẹ́ tiwa, bí sáà bá parí, ẹni tó sáré gba ìyìn ló máa ń se àsè fún àwọn tó la ọ̀nà fún un, á sì fún wọn lẹ́bùn. Ẹni tí kò bá ṣe é, wọn á jẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn wó o mọ́lẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Mo gba ilé oúnjẹ kan létí odò. A jẹ ìhà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yan, a jẹ búrẹ́dì àgbàdo. Àwọn ìyàwó wà níbẹ̀. Kóòṣì wà níbẹ̀, dókítà náà wà níbẹ̀.

Aago ọwọ́ ni mo rà fún wọn. Stosh gbé tirẹ̀ sétí. "Ó ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Ó ní Lucien pẹ́ kó tó san gbèsè."

Amos ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Mo dúró níbi gbohùngbohùn, ní apá òsì gbọ̀ngàn náà, mo pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Amos dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọ̀tún. Ó wo àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá.

Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọọlẹ̀. N kò ronú. Mo rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo gbá a ní ìbàdí òsì.

Amos lọ sí òsì.

Ilé pariwo. "Ẹ wò wọ́n," ni Stosh wí. "Kódà níbi oúnjẹ."

Ìyá Corinne kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ọwọ́ mi. Ó dìde, ó rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, ó yọ ọwọ́ tirẹ̀, ó sì gbá a ní ìbàdí ọ̀tún.

Amos yí sí ọ̀tún, ó ń lọ.

Ilé dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, láti orí tábìlì kan dé òmíràn.

Ìyá Corinne tẹ̀ lé e, ó gbá a láàárín ẹ̀yìn. Amos bọ́ síwájú tààrà. Ó gbá àga kan ṣubú. Ó ń lọ sára gíláàsì fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ sì sáré dì mọ́ ọn lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

"Amos," ló wí sí i létí. "Amos, kí ni orúkọ ọmọ wa?"

Amos wo gbogbo wa. Ó wá mi láàárín èrò. Ó rí mi.

"Bi àbúrò mi," ló wí. "Ó mọ̀ ọ́n."

Ìyá Corinne yíjú sí mi. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Omaha."

"Mo pè ẹ́ lórí fóònù."

"Ẹ pè mí."

"O ní o fi bàtà sínú fíríìjì."

Kóòṣì ń wo ọ̀bẹ rẹ̀. Dókítà ń wo tábìlì. Ìyá Corinne yọ aago tí mo ra fún ọkọ rẹ̀ kúrò nínú pálí tó wà lọ́wọ́ mi, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì pa ìka mi dé lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dì í mú," ló wí. "Ó kéré tán, kí ọwọ́ yẹn rí nǹkan mìíràn ṣe."

Wọ́n kó padà sí Alabama kí yìnyín tó yọ́. Èmi gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún méjì sí i lẹ́yìn Skelton, n kò sì tún já mọ́ nǹkan kan. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń yún èèyàn, owó ń bọ̀. Tèmi ti ń yún mi láti ìgbà yẹn. Bí ọmọ mi bá mú káàdì ilé ìwé tó dáa wá, n kò lè gbá a lẹ́yìn pé ó ṣeun. Mo bẹ̀rù pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Wọn kò fèsì. Ọdún gorí ọdún.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, fóònù mi dún.

"Renita ni," ni ohùn náà wí. "Má bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe ìdáríjì ni mo fi pè ẹ́, iṣẹ́ ni mo ní fún ẹ. Wá kọ́ mi ní gbígbá yẹn."

Mo débẹ̀. Ilé onípákó ni, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì lọ tààrà sí odò. Amos jókòó lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èjìká rẹ̀ ṣì gbòòrò. Irun rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí fún mi. Èmi ni ó ń pè ní sà.

"Kì í dìde fún mi," ni Ìyá Corinne wí. "Mo pè é títí kó wá wẹ̀, bí òkúta. Mo rántí ọjọ́ àsè yẹn. Mo gbìyànjú ẹ̀. Lọ́jọ́ míì á lọ, lọ́jọ́ míì kò ní lọ. Ọwọ́ mi kò jọ tìẹ."

"Ẹ gbé ọwọ́ yín lé tèmi," ni mo wí.

Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó gbé tirẹ̀ lé e. A fà á dìde, a sì jọ gbá a ní ìbàdí òsì. Amos bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ bí ìgbà àtijọ́, ó sì lọ sí yàrá ìwẹ̀. Mo kọ́ ọ ní bí ó ṣe yẹ kó wúwo tó, pé kò gbọdọ̀ rọ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo kọ́ ọ ní ọ̀tún. Mo kọ́ ọ ní tààrà. Ó ń mi orí bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Wá kọ́ mi ní dúró."

Mo fa ọwọ́ mi padà.

"Ó ti jáde láìsí ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀mejì báyìí," ló wí. "Á kàn dìde, á máa lọ sọ́nà odò. Ọkọ̀ kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lọ́jọ́ Sátidé. Mo ń pariwo, kò gbọ́. Ibo lò ń gbá tó fi ń dúró?"

"Kò sí."

"Kò sí bí i ti báwo?"

"A ò ṣe é. Mẹ́ta la ṣe. Mo ní ó ti tó."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò ronú nípa dúró rárá?"

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Kò mọ̀. Gbogbo ọdún yìí, ó ti rò pé agídí Amos náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí kò sí, àfi Amos, ẹnu Amos sì ti ṣófo.

"Òun ronú ẹ̀," ni mo wí. "Kí a tó bá Louisville gbá. Ó bi mí, ó ní ṣé kí òun dúró. Ó ní ohun tí mo bá wí lòun máa ṣe. Mo ní ọjọ́ kan péré ló kù."

Ó fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó.

"Ó bi ẹ́," ló wí. Lẹ́yìn náà: "Ọdún mélòó ni mo fi ń bínú sí i pé kò bi ẹnikẹ́ni."

Mo ní kí n máa lọ. Ó ní rárá.

"Kò sí dúró lọ́wọ́ ẹ," ló wí. "Nígbà náà, ìwọ fúnra ẹ ni dúró. Lọ sẹ́nu ọ̀nà."

Ibẹ̀ ni mo wà láti ọjọ́ náà. Mo gba yàrá kan nítòsí wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń sá lẹ́yìn ẹni tó ń la ọ̀nà fún yín, ẹ máa bi í bó ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kó dáhùn. Ìmọ̀ràn mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́pọ̀ ọ̀sán, Amos á dìde lórí àga rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá a. Á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kan ilẹ̀, á sì bọ́ sọ́nà odò. Mo máa ń dúró síwájú géètì, mo máa ń la àyà sílẹ̀ dè é. Ó ṣì wúwo. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi sáré lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ bó ṣe ń rí níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Á forí sọ mí, n ó dì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta erùpẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Lánàá, ó sọ̀rọ̀ sí mi láyà. Ó rọra sọ ọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kúrò lọ́nà. Àbúrò mi kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.